Ìwé Àdúrà Tí Wọ́n Fi Sínú Gíláàsì ní Niamey

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run Ọba tí ó ti dá ọ̀nà kí ó tó dá ẹsẹ̀, tí ó mú mi lọ, tí ó sì mú mi bọ̀. Bí mo bá ní igba ẹnu, n kò lè dá ọpẹ́ náà tán. Mo kúrò nílé pẹ̀lú ara líle, mo padà bá aya àti ọmọ ní àlàáfíà, àwọn ọmọ kéwú mi kò sì tíì gbàgbé ibi tí a bá ẹ̀kọ́ dé. Kí ìkẹ́ àti ọlà máa bá Òjíṣẹ́ Rẹ̀. Mo fi ọpẹ́ ṣíwájú nítorí pé ohun tí mo fẹ́ sọ lẹ́yìn rẹ̀ korò, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé Ọlọ́run ni mo ń bá wí. Ara mi ni mo ń bá wí, àti ọkùnrin kan ní Niamey.

Ẹ̀yin ará ilé ti ń bi mí láti ọjọ́ tí mo ti dé pé, ibo ni Ẹ̀gbọ́n wà? Ẹ rí yàrá tí a kùn, ẹ rí bẹ́ẹ̀dì tuntun, ẹ sì rí i pé èmi nìkan ni mo sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Ìdáhùn rẹ̀ ni mo kọ sílẹ̀ yìí.

Ìbéèrè kan lórí fóònù

Ẹ̀gbọ́n mi, Alhaji Rájì, tí àwọn àgbà àdúgbò wa mọ̀ sí Rájì Sójà, ti lé ní àádọ́ta ọdún ní Niamey, olú-ìlú Niger. Ọmọdé ni mí nígbà tí ó wọṣẹ́ ológun, tí ó sì lọ jà ní ogun Bìáfúrà. Nígbà tí ó dé, kò lè sùn nínú ilé wa. Kò pẹ́ tí ó fi tẹ̀lé àwọn aláṣọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n ń lọ sókè, ó sì dúró síbẹ̀. Ó ta aṣọ, ó kọ́lé, ó fẹ́yàwó, ó lọ sí Mẹ́kà. Ní ọdún tó kọjá ni àìsàn ọkàn mú un, ó sì ránṣẹ́ pé òun fẹ́ wá kú sílé.

Kí n tó lọ mú un, ó bi mí ní ìbéèrè kan lórí fóònù. Ó ní bí ohun ẹlòmíràn bá wà lọ́wọ́ ènìyàn, tí onítọ̀hún kò sì mọ ibi tí olóhun wà, kí ni kí ó ṣe kí ó tó kú? Àárín ẹ̀kọ́ méjì ni mo wà, àwọn ọmọ ń pariwo. Mo fún un ní èsì tí wọ́n kọ́ mi ní ilé-kéwú: kí ó tà á, kí ó fi owó rẹ̀ ṣe sàráà ní orúkọ olóhun, kí ó sì tọrọ àforíjìn. Òótọ́ ni èsì náà. Àmọ́ wọ́n tún kọ́ mi pé kí n kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n ti wá olóhun, tí wọ́n wá a títí tí ìrètí fi pin. N kò béèrè. N kò tilẹ̀ béèrè pé kí ni ohun náà. Mo rò pé aago ni, tàbí ewúrẹ́ tó ṣìnà wọ agbo.

Ìwé àdúrà ni. Ìwé àdúrà kékeré ti àwọn ìjọ Àgùdà, tí Ẹ̀gbọ́n mú nínú àpò ẹ̀wù ọmọ-ogun Ìgbò kan tí ó kú sí ẹ̀bá ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n kò ka ìwé òyìnbó. Kéwú nìkan ni wọ́n kọ́ ọ. Èmi tí mo kéré ni wọ́n tún fi sí ilé-ìwé. Ó fi aṣọ wé ìwé náà, ó fi í sí ìsàlẹ̀ àpótí, kò fi han ẹnikẹ́ni, kò sì mọ ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀. Ọjọ́ tí ó tà á ni ẹni tí ó rà á ṣí i níwájú rẹ̀, tí ayọ̀ sì mú un ka ewé àkọ́kọ́ sókè. Orúkọ ọmọ náà wà níbẹ̀. Orúkọ ìlú rẹ̀ wà níbẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀, bàbá rẹ̀ kọ ọ́ pé ẹni tí ó bá rí ìwé yìí, kí ó jọ̀wọ́ dá a padà sí ilé ìjọ ìlú wa.

Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n pè mí lẹ́yìn èyí, kò kí mi. Ó ní, "Ààfáà, wá tún ọ̀rọ̀ rẹ ṣe." Mo gbéra.

Láwàní dúdú

N kò ní fi ìyà ọkọ̀ dá yín lágara. Ẹ sáà mọ̀ pé nílé, Ààfáà ni mí, àwọn ènìyàn ń bọ́ bàtà kí wọ́n tó bá mi sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo rékọjá ẹnubodè, mo di "Bayarabe", ìyẹn Yorùbá kan lásán, tí kò gbọ́ Faransé, tí kò lè ka àkọlé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kí ó tó wọ̀ ọ́. Ìgbéraga ogójì ọdún bọ́ lára mi láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Síbẹ̀, n kò lè pa irọ́ mọ́ àwọn ènìyàn náà. Níbi tí a ti sọ̀ kalẹ̀ nítòsí ìlú Dosso, àwọn ọkùnrin kan tí wọ́n yí abọ́ ńlá kan ká rí mi tí mo dúró, wọ́n sún fún mi kí wọ́n tó bi mí ní orúkọ. Dambu ni wọ́n ń jẹ, ọkà tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n sè pẹ̀lú ewé zogale, ìyẹn mòríńgà, tí wọ́n bu òróró àti àlùbọ́sà lé. Bí mo bá fẹ́ dìde, ẹnì kan á tún fi ọwọ́ ti oúnjẹ síwájú mi. Títí di òní, n kò mọ ẹni tó sanwó.

Ibẹ̀ náà ni ọkọ̀ ẹrù kan ti wá dúró, láwàní dúdú tí eruku ti bò wà ní iwájú rẹ̀, wọ́n so ó mọ́ irin. Awakọ̀ ní orí ọ̀tá kan tí wọ́n pa ní ìhà ìwọ̀ oòrùn, níbi tí ogun wà, ni wọ́n ti já a, pé òun rà á lọ́wọ́ ẹni tó mú un wá. Àwọn tó ń jẹun pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Ọ̀tá náà ti pa ènìyàn púpọ̀, wọ́n sọ fún mi, mo sì gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ìwé tí mo ń lọ wá wà ní ọkàn mi, ọwọ́ mi sì pàtẹ́wọ́. Kí Ọlọ́run foríjì mí.

Zongo

Ilé Ẹ̀gbọ́n wà ní Zongo, àdúgbò àwọn àlejò, kò jìnnà sí ọjà ńlá. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Sàfúrá, tó ń bójú tó ìsọ̀ aṣọ báyìí, ni ó wá pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Niamey ni wọ́n bí i sí. Ó kúnlẹ̀ dáadáa bí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n èdè tó ti ẹnu rẹ̀ jáde, ilẹ̀ mẹ́ta ló pàdé níbẹ̀.

"Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́, fofo. Ẹ kú ọ̀nà. Papa ò jẹun, wallahi, ọjọ́ mẹ́ta. Ó ní ẹ̀yin lẹ fà á."

Mo ní, "Èmi ni mo fà á."

Ó wò mí bí ẹni tí kò retí pé mo máa gbà, ó sì gba àpò lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀gbọ́n jókòó lábẹ́ igi dongoyaro inú àgbàlá, lórí awọ àgbò. Ó ti gbẹ. Àwọn ará ilé, Zarma àti Haúsá, wá kí mi lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì béèrè ara, ilé, ọ̀nà, òòrùn, àárẹ̀, kí wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ara. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo bi í ní ìbéèrè tí ó yẹ kí n ti bi í lórí fóònù. Mo ní, "Bọ̀dá, kí ló dé tí ẹ mú un?"

Ó ní kò sí sójà kan ní ẹgbẹ́ wọn tí kò mú nǹkan. Àwọn kan mú fìlà, àwọn kan mú bẹ́líìtì, ẹnì kan mú ṣíbí. Ó ní nígbà tí wọ́n wà níbẹ̀, gbogbo wọn ń sọ pé kí àwọn lè fi han àwọn ará ilé ni.

"Irọ́ ni," ó wí. "Ta ni mo fi hàn? Ọmọ náà bá mi dọ́gba. Ó ga tó mi. N kò mọ̀ bóyá ìbọn mi ló bà á tàbí ti ẹlòmíràn. Mo gbẹ́ ilẹ̀, mo bò ó. Mo mú ìwé náà kí n lè máa fọwọ́ kàn án, kí n lè mọ̀ pé òun ló kú, pé èmi kọ́."

Lẹ́yìn náà ni ó sọ ohun tó ń fẹ́. Ọlọ́run a máa foríjì ohun tó wà láàárín Òun àti ẹrú Rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ ènìyàn, ènìyàn ló ni í. Ó fẹ́ gba ìwé náà padà, kí ó fi lé àwọn ènìyàn ọmọ náà lọ́wọ́, kí ó gbọ́ ọ lẹ́nu wọn pé wọ́n ti foríjì òun. Ìgbà náà ni yóò tó bá mi lọ sílé.

Yàrá tó wà ní Plateau

Ẹni tó ra ìwé náà, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Yorùbá ni, ó ti fẹ̀yìn tì níbi iṣẹ́ ọ́fíìsì, ó sì kọ́lé sí Plateau níbi tí àwọn ènìyàn ńlá ń gbé. Ọ̀gá ni gbogbo wọn ń pè é. Inú rẹ̀ dùn sí mi. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ nítorí ọjọ́ orí mi, ó ní kí wọ́n gbé tíì wá, ó sì mú èmi àti Sàfúrá wọ yàrá kan tó tutù bí inú fíríìjì.

Ẹ̀yin ará mi, mo ti wọ ilé òkú rí, mo ti wẹ òkú púpọ̀, ṣùgbọ́n n kò wọ irú yàrá yẹn rí. Idà àwọn Tuareg, àwọn ará aṣálẹ̀, wà lára ògiri. Láwàní wà nínú gíláàsì, wọ́n ká a dáadáa bí aṣọ tuntun. Tírà aláwọ tí wọ́n já lọ́rùn ẹnì kan, okùn rẹ̀ ti já. Bàtà ẹsẹ̀ kan. Káàdì funfun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n kọ ibi tó ti wá sí. Ìwé àdúrà náà wà ní àárín, ó ṣí sílẹ̀ sí ewé àkọ́kọ́.

Mo bi Ọ̀gá bóyá ó ti jagun rí. Ó ní rárá o, ìwé lòun kà. Mo ní kí wá ló dé? Ó fi ọ̀wọ̀ dá mi lóhùn. Ó ní ohun tí ènìyàn bá rà ní ìsọ̀ kì í sọ̀rọ̀, èyí tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ ọ̀tá ló ń sọ̀rọ̀. Ó ní ẹni tí ó bá dúró nínú yàrá yìí, á mọ̀ pé ogun kì í ṣe àlọ́. Ó ní bí òun kò bá kó wọn jọ, wọ́n á dà wọ́n nù ní ọjà Katako pẹ̀lú irin àlòkù.

Ọ̀rọ̀ náà kò burú létí. Ṣùgbọ́n mo wo yàrá náà yíká, n kò rí ohun kan tó jẹ́ ti ẹni tí ó ṣẹ́gun. Fìlà wọn kò sí níbẹ̀, bàtà wọn kò sí níbẹ̀. Mo wá mọ ìdí tí ohun ọ̀tá fi dùn-ún kó jọ. Olóhun kì í wá béèrè.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó gba owó rẹ̀ padà, mo ti mú un dání láti ilé. Ó mi orí. Ó ní ọjà ti parí, àti pé ìwé tó ní orúkọ ẹni tó ni ín kò wọ́pọ̀. Ó gbà kí n da ewé náà kọ, ṣùgbọ́n kí n má fọwọ́ kàn án. Bí mo ṣe dúró tì í nìyẹn, bí ọmọ ilé-kéwú tó ń da wàláà kọ. Gábríẹ́lì ni orúkọ ọmọ náà. Bàbá rẹ̀ kọ orúkọ àwọn ọmọ yòókù sí abẹ́ tirẹ̀. Tèrésà ló kẹ́yìn.

Nígbà tí mo ka orúkọ náà fún Ẹ̀gbọ́n nílé, ó pè é ní ọ̀nà tiwa. "Jíbírílù," ó wí. "Jíbírílù ni mo bò mọ́lẹ̀."

Katako

Sàfúrá ló mú mi lọ sí Katako, lọ bá Emeka, ọkùnrin Ìgbò kan tó ń ta páàtì mọ́tò láàárín àwọn oníṣẹ́ pákó àti àwọn tó ń ta irin. Ìbàdàn ló ti kọ́ṣẹ́, Yorùbá rẹ̀ sì já gaara ju ti Sàfúrá lọ. Bí ó ṣe rí fìlà mi, ó gbọ́wọ́ kúrò nínú ọ́ìlì ó sì kí mi.

"Ààfáà, ẹ jókòó lórí táyà yìí, òun ló mọ́ jù. Ṣé mọ́tò yín ló bàjẹ́ ni àbí ọkàn yín?"

Mo ní ọkàn ni. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, n kò fi ohunkóhun pamọ́. Ẹ̀fẹ̀ kúrò lójú rẹ̀. Nígbà tí mo parí, ó ń fi èékánná yọ ọ̀rá kúrò lára irin kan.

Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ṣẹ́gun, àwa la wá ń ta páàtì fún yín. Ẹ tún ta ìwé àdúrà wa fún ara yín." Ó na ọwọ́ sí mi. "Ẹ mú ìwé tí ẹ kọ wá."

Ìlú tirẹ̀ yàtọ̀ sí ìlú Gábríẹ́lì. Ṣùgbọ́n àwọn Ìgbò, ibi gbogbo tí wọ́n bá wà ni wọ́n ti ń ṣe ẹgbẹ́ ìlú wọn. Emeka pe ẹnì kan, ẹni yẹn pe ẹlòmíràn ní Kánò, ìyẹn pe ilé. Ní ọjọ́ kẹrin ó wá bá wa ní Zongo fúnra rẹ̀. Tèrésà wà láàyè. Arúgbó ni, òun nìkan ló kù nínú gbogbo orúkọ tó wà lórí ewé náà, ó sì fẹ́ sọ̀rọ̀.

Ohùn Tèrésà

Inú àgbàlá náà ni a ti pè é, lẹ́yìn ìrun àsárì. Emeka di fóònù mú, ó ń sọ Ìgbò sí i, ó ń yí i sí Yorùbá fún wa. Ẹ̀gbọ́n jókòó ṣánṣán bí ẹni tó dúró níwájú ọ̀gágun.

Obìnrin náà kò sunkún. Ó béèrè bóyá wọ́n sin ín. Ẹ̀gbọ́n ní òun ni òun sin ín. Ó béèrè ibi tó wà. Ẹ̀gbọ́n sọ ọ́ fún un, afárá wo, ọ̀nà wo, ìhà wo. Ó béèrè bóyá ó pẹ́ kí ó tó kú. Ẹ̀gbọ́n ní òun kò mọ̀, ó ti kú nígbà tí òun dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Ẹ̀gbọ́n sọ ohun tó ń fẹ́, àforíjìn, ó sì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Èsì obìnrin náà kò gùn. Emeka fi ọwọ́ bo fóònù.

"Ó ní òun ti gbọ́. Ó ní bàbá àwọn kọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé yẹn fún ẹni tó bá rí i, kò sì ṣòro. Ó ní lọ́jọ́ tí ìwé náà bá dé ọwọ́ òun, Alhaji á gbọ́ èsì òun."

Ẹ̀gbọ́n ní, "Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni."

Káàdì funfun

Ní ọjọ́ kejì, Ẹ̀gbọ́n wọ agbádá, ó ní kí a gbé òun lọ sí Plateau. Mo bẹ̀ ẹ́ nítorí ọkàn rẹ̀, kò gbọ́. Ọ̀gá gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀. Ó pè é ní Bàbá, ó fi àga tó rọ̀ jù sí abẹ́ rẹ̀. Mo ro ẹjọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, bí mo ṣe fúnni ní èsì láìbéèrè, bí a ṣe rí Tèrésà, ohun tó sọ. Ọ̀gá tẹ́tí gidigidi. Mo rí omi lójú rẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́kàn mi, mo rò pé ó ti tán.

Ẹ̀gbọ́n ń wo ìwé náà nínú gíláàsì. Ó wo láwàní, ó wo tírà. Ó yíjú sí Ọ̀gá.

"Ọmọ mi, ta ni o ṣẹ́gun?"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Bàbá, a jọ ṣẹ́gun ni. Gbogbo wa."

"N kò bi ọ́ nípa gbogbo wa."

Ọ̀gá nu ojú rẹ̀, ó ṣí gíláàsì náà. Sàfúrá di ọwọ́ mi mú. Káàdì funfun ni ó mú jáde, kì í ṣe ìwé. Ó fa kálàmù yọ ní àpò.

"Ààfáà, ẹ ní Tèrésà ni orúkọ àbúrò rẹ̀, àbí? Afárá wo ni Bàbá dárúkọ?" Ó ń kọ ọ́ bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀. "Ẹ ṣeun gan-an ni. Ó ku ìtàn rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ti pé báyìí."

Sàfúrá sọ ọ̀rọ̀ sí i ní Zarma, ó tún sọ ọ́ ní Faransé, n kò sì béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Ọ̀gá kò bínú. Ó ní ọjọ́ tí a bá fẹ́ wá wò ó, ilẹ̀kùn ṣí fún wa. Ẹnu ara mi ni mo fi gbé ohun tó kù nínú Gábríẹ́lì fún un, lọ́fẹ̀ẹ́, tí mo rò pé mo ń bẹ̀bẹ̀.

Ẹnu géètì

Láti ọjọ́ kejì, Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Plateau. Bí oòrùn bá yọ, Sàfúrá á gbé e lọ pẹ̀lú awọ àgbò rẹ̀, Ẹ̀gbọ́n á sì jókòó sí iwájú géètì Ọ̀gá títí di àsìkò ìrun ọ̀sán. Kì í sọ̀rọ̀, kì í ṣagbe, kì í ṣépè. Àwọn ẹ̀ṣọ́ kọ́kọ́ fẹ́ lé e, lẹ́yìn náà ni wọ́n ń fún un ní omi, nígbà tó yá wọ́n ń kírun lẹ́yìn rẹ̀. Emeka náà wá ní ọjọ́ Sátidé kan, ó mú ìjókòó tirẹ̀ dání, ó jókòó tì í.

Mo dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lójoojúmọ́ ni mo ń bẹ Ẹ̀gbọ́n pé kí á máa lọ sílé. Mo ní Ọlọ́run mọ ọkàn rẹ̀. Ó ní Ọlọ́run mọ̀ ọ́n, Tèrésà kò mọ̀ ọ́n.

Ní ọjọ́ tí mo fẹ́ padà, mo bá a níbẹ̀. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ nínú yanrìn, mo tọrọ àforíjìn èsì tí mo fún un. Ó gbé ọwọ́ lé fìlà mi. Ó ní, "Mo foríjì ọ́. Ṣé o rí i? Kò le."

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Sàfúrá pè mí. Ẹ̀gbọ́n ṣì ń lọ. Ọ̀gá ti ní kí wọ́n fọ́ ògiri ẹ̀yìn ilé, wọ́n ti ṣe géètì mìíràn sí i, ibẹ̀ ni mọ́tò rẹ̀ ń gbà jáde báyìí.

Ẹ̀yin tí ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí dé ibí, kí Ọlọ́run fi àlàáfíà ṣọ́ ilé yín. Bí ohun tí kì í ṣe tiyín bá wà lábẹ́ òrùlé yín, kí Ó jẹ́ kí ẹ rí olóhun nígbà tí ẹ̀mí ṣì wà lẹ́nu ẹ̀yin méjèèjì. Bí ó bá sì jẹ́ ẹ̀yin ni wọ́n dá dúró lẹ́nu géètì, kí Ó má ṣe jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín rẹ̀. Àmín.